Ohun Tí Ìyá Mi Sọ Níwájú Àwọn Òyìnbó Obìnrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Mísì ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Òyìnbó obìnrin ni, òun sì ni olórí ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí mo lọ ní Èrúwà, èyí tí kò sí mọ́. Mísì nìkan ni gbogbo wa ń pè é. Mo ti di arúgbó báyìí, òun náà sì ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú nínú mi.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ sí, tí ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ túká nítorí orúkọ, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún. Àwọn kan nínú yín ní kí ẹ máa jẹ́ fẹ́mínísìtì. Àwọn yòókù ní orúkọ òyìnbó ni, pé àwọn tó ni ín kò ka aláwọ̀ dúdú kún obìnrin rí, kí ẹ jù ú nù. Ẹ ní kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní kí ẹ ṣì máa lọ ná, nítorí pé bí mo bá la ẹnu lọ́jọ́ náà, èébú ni ì bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ oore Mísì, kí ẹ má baà pè mí ní abaramóorejẹ. Nígbà tí bàbá mi ní ìwé tí mo kà ti tó, pé ìdílé kan ní Lanlate ti wá tọrọ mi, Mísì wa ọkọ̀ rẹ̀ kékeré wá sílé wa. Yorùbá rẹ̀ kò ní ohùn rárá. Ó kí bàbá mi tán, ó sì ní, “Mo fi ọkọ mi sínú oòrùn.” Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ẹ pè é wọlé o, Mísì! Ṣé ẹ fẹ́ kó gbẹ ni?” Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ìbínú rẹ̀ fi rọ̀. Bí mo ṣe padà sílé ìwé nìyẹn.

Gààrí ni ìyá mi ń ṣe. Àwọn obìnrin àdúgbò wa máa ń bá ara wọn bó ẹ̀gẹ́, lónìí ní ojúlé lágbájá, lọ́la ní ojúlé tàmẹ̀dù. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá na ìyàwó rẹ̀, iwájú ilé ọkùnrin náà ni wọn yóò gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Wọn ò ní bú u, wọn ò sì ní bá a jà. Wọn á kí i dáadáa, wọn á jókòó, wọn á máa bó ẹ̀gẹ́, wọn á máa sọ̀rọ̀ ọjà. Bí wọ́n bá ń lọ, wọn á fi èèpo sílẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, wọn á tún dé. Èèpo á máa rà, eṣinṣin á máa kùn, ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò á sọ ibẹ̀ dilé. Àlejò tó bá ń bọ̀ á ti mọ ohun tí baálé ilé ṣe kó tó kan ìlẹ̀kùn. Mo rántí èyí tó jáde sí wọn pé, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ò nílé ni?” Ìyá mi ò gbójú sókè. Ó ní, “A nílé, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ibí ló tù wá lára.” Ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá bẹ ìyàwó rẹ̀ níwájú wọn, àwọn fúnra wọn ni wọn yóò gbá gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó yá, àwọn òyìnbó obìnrin kan wá wo iṣẹ́ Mísì. Àwọn ló ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin nílùú wọn. Mísì ránṣẹ́ pe àwọn ìyá wa. Wọ́n to àga fún àwọn àlejò, wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ìyá wa. Àlejò kan bèèrè ohun tí obìnrin ilẹ̀ wa máa ń ṣe bí ọkọ bá nà án. Mísì yí i sí Yorùbá. Ìyá mi dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì ṣàlàyé láti orí ẹ̀gẹ́ dé orí ewúrẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jókòó, Mísì kọjú sí àwọn àlejò, ó sì fi èdè rẹ̀ sọ pé, “Ó ní àwọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ kí n tó dé. Ó ní àwọn dúpẹ́.”

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nu omi ojú. Ìyá mi rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára, ó tún dìde, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn.

Nígbà tí a délé, ó ní, “Ọkọ mi, kí ló pa òyìnbó yẹn lẹ́kún?” Mo sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó mọ́ nù mí lójú. “Kò yé e ni. Ẹni tí kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ á ti yé e? Má bínú sí i.” Nítorí ìyá mi, mo gba ìyẹn gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo dàgbà, mo lọ kàwé nílùú òyìnbó, mo sì wọ ẹgbẹ́ àwọn fẹ́mínísìtì. Orúkọ náà dùn mọ́ mi bí aṣọ ọdún. Ní ìpàdé kan, mo sọ pé onílé kan kọ̀ láti fún mi ní yàrá nítorí àwọ̀ mi, obìnrin sì ni onílé náà. Alága rọra dáhùn pé, “Ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ obìnrin la bá wá síbí.” Mo bi wọ́n pé, “Apá ibo lára mi ló wá sípàdé?” Wọ́n wá ní kí n sọ ìyà tí ọkùnrin fi ń jẹ obìnrin nílẹ̀ mi. Mo mú kóòtù mi, mo sì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wọn.

Mo padà sílé, mo ń ṣe tíṣà ní Igbó-Ọrà. Ọ̀gá wa fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà kan nítorí pé ó lóyún. Mo dìde, mo ní kò tọ́. Ọ̀gá ní, “Ẹ sá o, fẹ́mínísìtì ti dé!” Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí mo jù sílẹ̀ lọ́hùn-ún ti ṣáájú mi délé.

Ayé ti yí. Ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ báyìí, ògiri àti géètì sì ti yí iwájú ilé ká, kò síbi tí èèyàn fẹ́ jókòó sí. Àwọn ìyá wa kò nílò orúkọ, torí ojúlé kan ni wọ́n jọ ń yọ sí. Ẹ̀yin wá láti Tápà, láti Èrúwà, orí fóònù lẹ ti ń ríra. Ẹ nílò orúkọ. Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, kò sì jìnnà sí yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Táyé kàn ṣáájú wá tọ́ ayé wò ni, Kẹ́yìndé ló rán an; bẹ́ẹ̀ náà ni òyìnbó kàn ṣáájú yín jẹ́ orúkọ náà. Ẹ má jù ú nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín túmọ̀ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gba orúkọ náà padà rèé. Kí Mísì tó kú, mo wá a lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó nílùú òyìnbó. Èébú kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, ó di ọwọ́ mi mú, ó bèèrè ìyá mi. Mo ní ó ti kú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rọra ní, “Mísì, ọjọ́ tí àwọn àlejò wá, ọ̀rọ̀ ìyá mi ò yé yín ni, àbí?” Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tí kò lóhùn dá mi lóhùn pé, “Ó yé mi. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, wọn á bi mí pé kí ni mo wá ṣe ní Èrúwà.”