Láfún Kì í Ṣe Sítáàṣì

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tútù, kó lọ bá ẹlòmíì.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní Ìkẹ́rẹ́. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, irin là ń wọ̀ láṣọ. Irin ọ̀hún kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á. Wọ́n ní yóò máa gbé oògùn lọ síbi tí àìsàn wà gan-an nínú ara. Bí ó bá wà ní ìhòòhò, yóò ṣù pọ̀. Aṣọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ara lè dà. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ là ń lò, èyí tí àbúrò mi ń sẹ́ fún mi ní Àìṣẹ̀gbà, tó funfun, tí kò rùn.

Lọ́jọ́ kan, sítáàṣì tán. Dókítà tó ni iṣẹ́ náà, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò, gbé ọ̀rá kan dé láti ọjà. Bí mo ṣe tú u, òórùn kíkan lù mí nímú.

"Dókítà, láfún nìyí."

"Màmá, ṣebí ẹ̀gẹ́ náà ni?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, àmọ́ wọ́n ti rẹ ẹ́, ó ti kan. Kò ní yọ́ dáadáa."

"Ṣé ẹ̀yin ni dókítà ni?"

Mo ṣe é bó ṣe wí. Gbogbo rẹ̀ dì ní kókó, ó rì sísàlẹ̀ ìgò. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé kúẹ́rì dé: wọ́n ní mo fi àìbìkítà ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi kẹ̀! Ìfẹ̀yìntì mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, orúkọ rere tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo gbé ìgò méjì lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ mi: ti láfún, àti èyí tí mo fi sítáàṣì tuntun ṣe, tí kò rì rárá. Mo wá na ọ̀rá láfún tí Dókítà rà sí alága, àgbà ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń sọ láti àárọ̀. Ó gbóòórùn ọ̀rá náà, Gẹ̀ẹ́sì sá, èdè Ìkẹ́rẹ́ jáde.

"Háà! Láfún ulé wa rè é!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀." Wọ́n dá mi láre, ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ìwé tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde.

Ó dáa. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí fáìlì ìfẹ̀yìntì mi, mo bu láfún díẹ̀ sínú àpòòwé, mo fi sítépúlà kàn án mọ́ ìwé kúẹ́rì náà. Ẹni tó bá ṣí i lọ́jọ́ iwájú, imú rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó jẹ̀bi fún un.