Aṣọ Pupa Inú Àpótí Màmá Martha

Fẹ̀hìntọlá wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà tó pa ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Martha, obìnrin tó ń jẹ iṣu lọ́wọ́ nílé rẹ̀ ní Òkè-Bùkún. Fídíò ló fi pa á.

Nígbà ìsinmi ló ṣí àpótí Màmá Martha, tó rí aṣọ pupa kan tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Kò béèrè. Ó ká a sínú báàgì, ó gbé e padà sílé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́ja, ó ró o mọ́ àyà, ó jó níwájú fóònù, ó sì gbé ijó náà sórí ayélujára. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ti wò ó.

Aṣọ ìpò ni. Ní Bùnù, ìgbà tí àgbà bá kú ni wọ́n ń mú un jáde, kí ayé lè mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ. Àwọn ará ilé rí fídíò, wọ́n dá aṣọ Màmá mọ̀, ni ẹkún bá sọ. Dáníẹ́lì, àbúrò Màmá, gun ọ̀kadà láti Kàbà, ó gbé ewúrẹ́ sórí itan, òun àti ewúrẹ́ jọ ń ké ní ohùn kan náà títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Òkú ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

“Dáníẹ́lì, ta ló kú?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìròyìn náà dé etí Fẹ̀hìntọlá, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi pè é lórí fóònù. Màmá kò gbé e. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ń yìn ín, ohùn ẹnìkan ṣoṣo ni etí rẹ̀ ń wá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó pa fídíò náà rẹ́, ó gbé aṣọ náà, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Màmá ń pa ẹ̀gúsí lójúde. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn.

“Okun o, Màmá.”

Màmá ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ọmọ náà pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ débi pé adìyẹ kan gorí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó bà síbẹ̀ bí ẹni bà sórí kùkùté.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀.”

“O ò mọ̀. Ta lo bi léèrè?”

“Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tiẹ̀ bi mí pé aṣọ kí ni. Mo ní aṣọ ijó.” Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Màmá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Okun, ọmọ mi,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Gbé e wá.”

Fẹ̀hìntọlá ti ká a bí ẹni ká aṣọ ìbùsùn. Màmá pòṣé, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sún fún un. “Jókòó. Ojú rẹ̀ ni kó wà nínú. Di igun yẹn mú dáadáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbé e kọ́ síwájú ilé yìí, mi ò ní sí níbẹ̀ láti bá ọ wí.”

Fẹ̀hìntọlá di igun náà mú, àmọ́ ojú rẹ̀ ti kún, kò rí i mọ́.

“Má jẹ́ kómi ojú kán sí i,” ni Màmá wí. “Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí.”