Iṣẹ́ Oṣù Márùn-ún tí Ẹ̀rínọlá Tì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò tètè sọ pé òun ṣàṣìṣe, ẹ má kan ilẹ̀kùn Ẹ̀rínọlá. Láti kékeré ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí olórí kunkun. Nígbà tó wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lomé, tó sì gbọ́ Faransé láàárín ọdún kan, orí kunkun yẹn náà ló fi ṣe é. Attiégou ló ń gbé, Nyékonakpoè ló sì ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ètò orí fóònù fún àwọn oníṣòwò. Barthélemy ni ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn tó ń ta àga àti kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù ní ọjà Hédzranawoé ló gbé iṣẹ́ kan wá. Ogójì ni wọ́n, Madame Edwige sì ni alága wọn. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọn yóò fi máa ya fọ́tò ọjà wọn, kí oníbàárà lè rí i láti ilé. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ojúlówó app, èyí tí èèyàn ń gbà láti Play Store sórí fóònù. Èkejì ni ìkànnì tó ń ṣe bí app: èèyàn á tẹ líǹkì, á ṣí, á sì lè fi àmì rẹ̀ sójú fóònù láì dé Play Store rárá. Barthélemy ní kí Ẹ̀rínọlá mú èyí tó bá tọ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ojúlówó app ló mú. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun wà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀rínọlá ti pe gbogbo ará Ìsẹ́yìn kí iṣu tó hù.

Oṣù márùn-ún ló fi ṣe é. Ká má purọ́, iṣẹ́ náà dára. Ó yára, fọ́tò rẹ̀ mọ́, bí oníbàárà bá sì béèrè ọjà, fóònù á dún lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ọjà, mẹ́sàn-án péré nínú ogójì ló rí i gbà. Ìsìlámíyátù, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ta àga, ọmọ Òfà tí wọ́n bí sí Lomé, tẹ fóònù títí ó fi sú u.

“Ma fille, má da ara ẹ láàmú,” ló wí, bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Orí mi ò gbé e. Lọ bá àwọn tó lọ sí lékọ̀ọ́lì, àwọn tó kàwé.”

Ó ju fóònù sínú báàgì, ó sì ń nu àga rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹ̀rínọlá dé egungun.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sọ́jà, ó jókòó lórí àga tí wọn ò tíì tà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì fi ń wo fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò àga ti kún gbogbo rẹ̀, kò sí àyè. Ìyẹn ṣì kéré. Gildas tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló ta fóònù fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àkáǹtì Google tirẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ṣí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun burúkú. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni wọ́n gbà pé ó yẹ kó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gildas wá yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn password, padà, ó sì kó lọ sí Cotonou. Ohun tí Play Store ń béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ rí láyé.

Barthélemy gbọ́ ọ, ó mi orí.

“Bon, Ẹ̀rínọlá, iṣẹ́ tiwa ti pé. Kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn ará ọjà ni kò mọ̀ ọ́n lò, pé wọ́n nílò formation, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.”

Bó bá kọ bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ̀ á wà lórí Play Store, ipò rẹ̀ á wà ní ọ́fíìsì, Ìsìlámíyátù á sì di òpè nínú ìwé. Bó bá kọ òtítọ́, ó lè máà ní iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó tiẹ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé: “Ọ̀nà tí mo yàn ni kò tọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ń lò ó.” Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ bá Madame Edwige, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun tún un ṣe lọ́nà kejì, ìkànnì tó ń ṣe bí app.

“Tí kò bá sí lórí Play Store,” ni alága wí, “ṣé kì í ṣe ayédèrú nìyẹn?”

Ẹ̀rínọlá kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní èkejì kò ní yá tó ti àkọ́kọ́, pé nígbà míì, fóònù lè pẹ́ kó tó dún. “Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ máa rí i ṣí, Madame.”

“Gbogbo ogójì?”

“Gbogbo ogójì.”

Alága fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Barthélemy bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fa àga, ó jókòó tì í, wọ́n sì jọ ń ṣe é. Ọmọ tí kì í gbẹ̀bi yìí ló wá ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́, tó ń bi àwọn tó ń ta àga àlòkù pé kí ni kò tíì dára.

Nígbà tó parí, ó fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìsìlámíyátù tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ omi gbígbóná wò. Ó ṣí. Ó ya fọ́tò àga kan, ó sì rí i lójú fóònù Chantal, aládùúgbò rẹ̀ nínú ọjà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ẹ̀rínọlá.

“Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí mi ò fi rí ìyẹn ṣe?”

Gbogbo ojú wà lára ọmọbìnrin náà. Ó kúnlẹ̀.

“Èmi ni mo ṣàṣìṣe, mà. Mi ò wo fóònù yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe orí yín.”

Ìyá náà rọra jókòó lórí àga tó ń tà.

“Ó ti tó oṣù kan,” ló wí, “tí mo ti ń sọ fáwọn ọmọ mi pé mo ti gọ̀.”

Ó fa Ẹ̀rínọlá dìde, ó ní kó tún un sọ, kó pariwo ẹ̀, kí Chantal náà lè gbọ́.