Àdírẹ́sì Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Ọkọ Mi

Fíríìjì kan ṣoṣo la ní nínú ilé tí a háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló sì gba ìdajì rẹ̀. Dókítà ni ọkọ mi, ó ń ṣèwádìí ibà tó ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìgàndó àti Egan. Ẹ̀gbẹ́ ẹja mi ló ń to àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ náà sí. Tí mo bá pariwo, á ní, "Ìyá wọn, fara dà á, jàre."

Nígbà tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn tí gbogbo ayé ń kà, wọ́n ní àyẹ̀wò kan ṣì kù. Kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wọn. Ló bá wá àyè lọ sí òkè òkun.

"Ẹ máa padà wá ṣá, àbí?" mo bi í.

"Àdírẹ́sì Nàìjíríà ni màá kọ sábẹ́ orúkọ mi," ó dá mi lóhùn. "Ilé ni àbọ̀ sinmi oko."

Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn kan ni èmi ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba fẹ́ mọ bí ìwádìí orílẹ̀-èdè wa ṣe pọ̀ tó nínú àwọn ìwé ńláńlá wọ̀nyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ó sì ní kí n bá òun kà á. Náírà ti di yẹpẹrẹ, a ò rówó ra ìwé tuntun mọ́. Èyí tí àwọn tó ti ìlú òyìnbó dé bá fi sínú àpò wọn la ń rí kà.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ fi kà á. Orúkọ tó bá ti jọ tiwa, mo ti kà á mọ́ wa nìyẹn, bí a ṣe ń ka ọmọ ilé: ibi yòówù kó wà, ọmọ wa ni. Iye rẹ̀ pọ̀, orí mi wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Màdáámù, a kì í fi orúkọ ka eléyìí. Àdírẹ́sì abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ibi tó ti ṣe iṣẹ́ ló ni ín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Ohun tó kù kò tó nǹkan, ó sì dùn mí gan-an. Mo ṣá fi ọkàn sí ti ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ ti ń wọ́n nígbà náà. Mo ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n ní sùúrù, pé ó ku ẹnì kan.

Ìwé tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Orúkọ ọkọ mi ló ṣáájú. Mo rí Ìgàndó níbẹ̀, mo rí Egan, mo sì rántí ìyá kan tó sin ọmọ rẹ̀ ní Egan, tó tún gbé àgbàdo sísè wá fún wa lẹ́yìn náà. Àdírẹ́sì òkè òkun ló wà lábẹ́ orúkọ náà. Ti Nàìjíríà kò sí níbẹ̀ rárá.

"Tiwa ni àbí tiwọn?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí.

"Tiwọn ni, sà."

Inú bí mi. Nígbà tí mo délé, mo kó àwọn ìgò tó fi sílẹ̀ jáde nínú fíríìjì, mo kó wọn dànù. Àwọn ọmọ bi mí bóyá dádì wọn ò ní bínú tó bá dé. Mo ní kò ní bínú.