Okùn Odalmis

Mi ò fẹ́ràn Odalmis. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìbí ní Cienfuegos, ìlú kan ní Kúbà, kò kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wa, tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Unix, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà lè fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Odalmis ló jókòó kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Okùn tó so wọ́n pọ̀ pàápàá, ilé rẹ̀ ló ti mú un wá, bí mo ṣe gbé àga mi wá látilé. Bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí nìyẹn.

Raidel, ọ̀gá tuntun, ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ dùn, kò lè fara da kí obìnrin àgbà bí Odalmis máa dá a lóhùn níwájú èrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ okùn náà lára kọ̀ǹpútà kó lè fi ihò rẹ̀ cháàjì fóònù. Ihò mìíràn ló wá tì í bọ̀. Ihò ti tẹ́lẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà fi ń dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ̀. Ẹ̀rọ náà kò tẹ nǹkan kan mọ́, èrò sì tò dé títì.

"Àǹtí, iṣẹ́ yín ti dẹnu kọlẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan okùn mi?"

"Ẹ tún un ṣe, ẹ yéé ṣàlàyé."

"Tó bá jẹ́ ẹnu la fi ń tún un ṣe, ẹ̀yin ni ǹ bá pè."

Èrò rẹ́rìn-ín. Ojú Raidel pọ́n.

Odalmis wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ìdí ẹ̀rọ náà, ó tẹ ìlà méjì sínú kọ̀ǹpútà. "Nọ́ńbà rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á fi máa dá a mọ̀ báyìí. Ẹ tì í bọ ihò tó bá wù yín."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àwọn ìwé tó ti ń dúró látàárọ̀ ń jáde bí wọ́n ṣe tò. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe ìwé ìbí. Lẹ́tà tí Raidel fi dá Odalmis dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Odalmis kà á tán, ó na bírò sí Raidel. "Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i."

Raidel fọwọ́ sí i. Odalmis fa okùn yọ, ó ká a mọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń mú lọ yẹn?"

"Okùn mi."

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, mo gbé àga mi, mo tẹ̀ lé e.