Pacôme àti Okùn Báàsì Rẹ̀

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Onigbolo kọjá ní Pobè ti rí Pacôme. Òun ni ọkùnrin tó máa ń jókòó lórí táyà kàmíyọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, tí ó ń fi òòlù lu irin. Issaba ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo, òun kò fẹ́ oko. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wá kọ́ iṣẹ́ táyà, ó sì ti lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nídìí rẹ̀. Àwọn kàmíyọ́n tó ń kó sìmẹ́ńtì ni oníbàárà rẹ̀. Orí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sí mọ́. Táyà ló gbà á.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pacôme a wọ sùtánà, a bọ́ bàtà, a lọ ta báàsì ní ìjọ aláṣọ funfun. Báàsì ni gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn, tó máa ń dún lábẹ́ orin. Èèyàn kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi bó bá dákẹ́. Àtàǹpàkò ni Pacôme fi ń ta tirẹ̀, nítorí ìka tí mo sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó fa wáyà yọ nínú táyà tó bẹ́, ó so ó mọ́ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń ta á títí ó fi gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ọmọ ìjọ kan ti Gabon dé, tó fi báàsì ta ìjọ lọ́rẹ, Pacôme nìkan ló mọ bí wọ́n ti ń gbé e.

Èmi, Ọ̀ṣẹ́nì ni orúkọ mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Sakété ni ilé bàbá mi. Gbogbo ará ilé wa ló ń tajà, èmi nìkan ló mú ayùn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Pobè, igba ìṣísẹ̀ ni láti ibẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò Pacôme. Mùsùlùmí ni mí. Báàsì kò kàn mí rárá, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Pacôme gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Taofik. Ẹ gbà mí o."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ṣubú."

"Síbo?"

"Sórí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Raphaël."

Raphaël ni olórí akọrin wọn. Olùkọ́ ilé ìwé ni, kò sì fẹ́ràn ariwo. Mo ti rí i tó ń tiro, n kò mọ̀ pé báàsì ni. Mo gbé báàsì náà sórí ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn àgbàdo. Kílò mẹ́rin àti ààbọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń jọ́sìn. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ti ṣí.

"Ìjó ló fà á," ni Pacôme wí. "A dìde, mo ní kí n gbé ẹsẹ̀ báyìí, okùn tí mo fi gbé e kọ́ èjìká bọ́, gìtá di ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Raphaël sọ ọ́ lójú gbogbo akọrin pé n kò gbọdọ̀ jó mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwa la máa kọrin níbi ìkórè Sakété. Bí ó bá tún ṣubú níbẹ̀, Aurèle onípíánò ni yóò máa fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn báàsì. Wọ́n á ti gìtá yìí mọ́ inú àpótí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní èmi á máa to àga."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti dúró gbọnrangandan bí òpó iná, ó ní títa rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Bí ẹsẹ̀ mi bá dúró, Bàbá, àtàǹpàkò mi kì í mọ ibi tó yẹ kó bọ́ sí."

Mo ní kó fi gbogbo nǹkan sórí tábìlì iṣẹ́.

Okùn tí wọ́n fi ń gbé báàsì kọ́ jẹ́ awọ fífẹ̀ tó ń gba èjìká kọjá. Ihò kan wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ihò yìí ni a fi ń kọ́ bọ́tìnnì irin tí fíìsì, ìṣó tí à ń yí, dè mọ́ igi gìtá, ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ọ̀kan nídìí. Ihò awọ náà ti fẹ̀. Pacôme ti gé ròbà inú táyà ní róbótó, ó fi há orí bọ́tìnnì kí awọ má baà yọ. Ròbà yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú.

Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní rọ́ńdẹ́lì, pẹ̀lú fíìsì gígùn.

"Ká fi èyí kàn án mọ́ ọn pátápátá."

"Okùn á máa yí bó o bá ń rìn. Fíìsì á máa bá a yí. Lóṣù mẹ́ta á tú."

"Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó wá mú ẹ̀kẹta jáde nínú ọ̀rá. Rosine àbúrò rẹ̀ ló rà á wá láti Porto-Novo. Ìdè okùn ni, irin dídán, apá méjì. Apá kan jẹ́ bọ́tìnnì tí à ń yí mọ́ igi. Ìkejì dà bí ẹnu bàtà kékeré, ara awọ ni à ń dè é mọ́, ó sì ní irin tín-ín-rín kan nínú pẹ̀lú sípíríǹgì. Bí a bá ti ẹnu bàtà yìí bọ orí bọ́tìnnì, irin náà á wọlé, á ké "kà". Àfi ká fà á kó tó yọ. Okùn lè yí bó ṣe fẹ́, fíìsì kò ní mọ̀. Mo dè é, mo tú u, nígbà mẹ́wàá.

"Èyí ni," mo wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún mi."

Ó ti gbìyànjú láti de bọ́tìnnì ìdí fúnra rẹ̀ lánàá. Ọwọ́ tó ń de ẹsẹ̀ kàmíyọ́n ló fi dè é. Ihò igi ti jẹ, fíìsì ń yí lásán.

"Ṣé o rò pé sìmẹ́ńtì ló fẹ́ gbé ni?"

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró."

N kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi igi ìṣáná há bọ́tìnnì ìdí fún ìgbà díẹ̀, mo ní kó fi okùn àti ròbà àtijọ́ gbé báàsì kọ́, kó ṣe ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ó jó. Ó fò sókè nígbà méje. Okùn kò bọ́.

"Kí lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó jó?"

"A dìde ni."

"Níbo lẹ ti dìde?"

"Lórí ìkúnlẹ̀. A forí kanlẹ̀, a gbàdúrà, a dìde, ni mo bá jó."

"Forí kanlẹ̀."

"Níbí?"

"Gìtá kò mọ ibi tó wà."

Ó kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú pákó, ó forí kanlẹ̀. Ikùn báàsì kan ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo okùn. Ìyàwó mi Ràúdátù gbé ògì wọlé lásìkò náà.

"Háà! Bàbá Taofik, kí ló fi ṣe yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í."

"Kò ṣẹ̀ mí. Okùn ni mò ń wò."

"Okùn wo?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Taofik," ni Pacôme wí láti ilẹ̀.

Èjìká rẹ̀ ń bo ibi tí mo fẹ́ rí. Mo ní kó bọ́ báàsì fún mi, kí òun wá wò ó. Èmi náà mọ bí wọ́n ti ń forí kanlẹ̀, mo ń ṣe é lójoojúmọ́. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo lọ sílẹ̀. Eékún mi ké. Bí báàsì ti fara ti ilẹ̀, okùn dẹ̀ lẹ́yìn mi, ihò awọ sì rọra gorí ròbà, ó yọ. Kò dún rárá.

"Ó ti bọ́," ni Pacôme wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá, ó ti bọ́. Ẹ ò sì tíì jó."

"N kì í jó."

Mo ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mótò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Anicet ni, tó ń fi alùpùpù zẹ́míjàn gbé èèyàn láàrin Pobè àti Sakété.

"Bàbá Taofik! Ẹ ti di aláṣọ funfun?"

"Bá mi wo aṣọ funfun bó o bá dé ọjà," ni Ràúdátù dá a lóhùn. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà ni yóò tó wọn fún sùtánà."

Anicet kò bọ́ sílẹ̀. Ó yí mótò padà, ó lọ. Ẹnu rẹ̀ yá ju mótò rẹ̀ lọ.

Pacôme jókòó sórí àpótí. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Orí ìkúnlẹ̀ ni okùn ti ń bọ́ láìsí ẹni tó rí i. Bó bá dìde, ọwọ́ rẹ̀ ló ń di báàsì mú díẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé rí.

"Kì í ṣe ìjó," ó wí.

"Kì í ṣe ìjó."

"Ẹ tún un sọ, Bàbá."

N kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un sọ.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ méjì. Mo lu ihò tó ti jẹ náà di mílímítà mẹ́jọ, kí etí rẹ̀ lè mọ́. Mo gbẹ́ èèkàn tíìkì gbígbẹ tó bá a mu, mo fi àtè sí i, mo gbá a wọlé. Pacôme fẹ́ ká parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní àtè kò mọ̀ pé ìkórè ń bọ̀, kó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gé orí èèkàn dọ́gba pẹ̀lú igi, mo lu ihò kékeré sí àárín rẹ̀, mílímítà méjì àti ààbọ̀, mo fi ọṣẹ pa fíìsì, mo fi ọwọ́ yí i. Mo ṣe ti òkè náà bẹ́ẹ̀. Mo dúró nígbà tí fíìsì ṣì fẹ́ lọ.

"Ibí ni wọ́n ti ń dúró," mo wí fún un.

Pacôme na ọwọ́ láti fi díẹ̀ kún un. Mo fi igi ìwọ̀n gbá a lọ́wọ́.

Ó ku ti ara awọ. Pacôme ti kọ ẹnu bàtà irin náà sísàlẹ̀. Mo yí i padà, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà èjìká. Bí ó bá wà báyìí, gbogbo ìwúwo báàsì ń fa bọ́tìnnì wọ inú ìsàlẹ̀ bàtà, kì í fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí irin tín-ín-rín náà bá tilẹ̀ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, báàsì kò ní já bọ́ bó bá wà lórí ìdúró. Pacôme forí kanlẹ̀ nígbà ogún. Okùn dẹ̀, ìdè kò tú.

Ó lọ ṣàlàyé fún Raphaël. Ó padà wá sọ èsì fún mi.

"Ó ní, 'Ìforíkanlẹ̀ ló wá jẹ̀bi báyìí? Àdúrà ló ṣí mi léèékánná?'"

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, okùn ni. Ó ní òun á wò ó ní Sakété. Bí kò bá ṣubú, kí n máa jó. Bí ó bá ṣubú, mo mọ ibi tí àga wà."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí Sakété. Soukaina àbúrò mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Sùtánà yín dà?"

Anicet ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu géètì ìjọ, mo jókòó lẹ́yìn. Àwọn akọrin Pobè wà níwájú. Raphaël dúró ní mítà méjì gbáko sí Pacôme, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àga. Pacôme kò jó. Ó ń ta báàsì bí ẹni tó ń ka nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Aurèle ti ń fi ọwọ́ òsì wá ohùn ìsàlẹ̀ lórí píánò, jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Gbogbo wọn forí kanlẹ̀, ilé funfun báláú. Èmi nìkan ni orí mi wà lókè. Báàsì fara ti ilẹ̀. Okùn dẹ̀ lẹ́yìn Pacôme. Mo ka àádọ́rin kí àdúrà tó parí.

Wọ́n dìde. Pacôme kò tíì fọwọ́ kan ìkankan nínú okùn mẹ́rin náà. Ó rọra jọ̀wọ́ báàsì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára rẹ̀. Báàsì dúró láyà rẹ̀. Ó wò mí láàrin gbogbo èrò yẹn. Mo mi orí.

Ó bá jó.

Ó ti èjìká òsì síwájú, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tó ń yí táyà lọ. Ohùn báàsì náà yí padà. Mo gbọ́ ọ nínú ikùn mi àti nínú àga tí mo jókòó lé. Ìyá àgbàlagbà kan níwájú mi fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Aurèle gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí píánò, ó fi ń gbá itan. Raphaël nìkan ni kò mira, ojú rẹ̀ wà lára okùn.

Pacôme yí po. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Báàsì dákẹ́.

Gbogbo orí yí síwájú. Ẹsẹ̀ Raphaël wọ abẹ́ àga fúnra rẹ̀. Báàsì wà láyà Pacôme níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wáyà iná tó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ ni Pacôme tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fà á yọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti wáyà padà, ó ń jó lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Raphaël tiro wá bá wa lẹ́nu géètì.

"Ṣé ó ṣubú?"

"Kò ṣubú, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá dákẹ́?"

"Wáyà ni."

Raphaël kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ ò lè bá wa de wáyà náà?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Máa jó, Pacôme. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún ni kó o ti máa jó." Ó nawọ́ sí ògiri tó jìnnà jù.

Nígbà tí wọ́n padà dé Pobè, Raphaël fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìjọ wọn, mítà méjì sí ibi tí òun máa ń dúró. Pacôme ń jó lẹ́yìn ìlà náà.

Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo máa ń yẹ ìdè náà wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Fíìsì kò tíì yí. Anicet ṣì ń kí mi ní "Halelúyà" bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń dá a lóhùn.