Oorun Kì Í Kun Ọmọ Yẹn

Ká má purọ́, mo jowú ọmọ yẹn débi pé bó bá sín lásán, inú á bí mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá bá wa gbé ní Àgùdà kí àwa méjèèjì lè jọ ṣe ìdánwò ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀: bí eléyìí bá tún já sófo, kí n gba ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Mushin lọ, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì parí nìyẹn. Èmi tí n kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́!

Kì í kúkú ṣe pé mo ya olódo. Oorun ni wàhálà mi. Ọ̀sán la máa ń kàwé, nígbà tí iṣẹ́ ilé bá ti tán. Bí mo bá ti jẹun, tí mo ṣí ìwé báyìí, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi ti alángbá. Ọmọ yẹn ńkọ́? Á gbé ìwé tiẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, bó bá fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ á ṣì mọ́ kedere. "Àǹtí mi, ṣé kí n máa jí yín ni?" Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń bi mí o. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ni mo bá ń ṣọ́ ọ. Mo rí i tó ń jẹ orógbó, èmi náà jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi bó. Mo rí i tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú báàfù. Ẹn-ẹ́n! Ọwọ́ mi ti tẹ àṣírí. Lọ́jọ́ kejì mo pọn omi tèmi sínú yàrá, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo sì sùn lọ fọnfọn. Ìwé já sínú omi. Ìyá mi wọlé, wọ́n ní, "Ìwé lo wá ń fọ̀ báyìí?" Ọmọ yẹn ló bá mi sá a sóòrùn, ó tún ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi." Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ibẹ̀ ni màmá wa àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti máa ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án. Mo ti sá fún ibẹ̀ tipẹ́. Màmá ò lè rí ìwé kí wọ́n má bèèrè ọ̀rọ̀. "Kí ló wà níbẹ̀? Kà á sí mi létí." Mo ti dá wọn lóhùn rí pé, "Màmá, kò lè yé yín, ẹ jẹ́ n ráyè kàwé tèmi." Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ń bá ẹ̀gúsí wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ká aṣọ, mo gbọ́ ohùn. Ọmọ yẹn ń fi Yorùbá ṣàlàyé kíndìnrín fún Màmá, bó ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì. Màmá ní, "Eèrí rẹ̀ wá ńkọ́? Ibo ló ń gbà jáde?" Ọmọ náà tún ìwé wò, ó dáhùn. Màmá tún da òmíràn bò ó, wọ́n sì bu orógbó fún un. Àbí, ta ni yóò ráyè sùn níbẹ̀? Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà! Kí n wá lọ jókòó ti àbúrò mi, kí n máa gba ìyókù? Ó tì o. Mo ká aṣọ mi, mo wọlé lọ sùn.

Nígbà tí èsì jáde, ó yege. Èmi ò yege. Màmá jó yí gbogbo ilé ká. Mo dúró kí ijó tán, mo lọ bá wọn lẹ́yìnkùlé, mo ń sunkún. "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan lẹ ràn lọ́wọ́?"

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ pé kó o kà á fún mi."

Mushin náà ni mo wà báyìí. Mo ti mọ òwú kì bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi sì dá ṣáṣá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì wa gbé aṣọ funfun rẹ̀ wá fún mi kí n bá a dín in kù. Láti ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ tààrà. Kí n tó wọn apá rẹ̀ tán, ó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì mi, ó la ẹnu sílẹ̀. Oorun ò kun èmi rárá. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń wò ó, mo sì ń jowú oorun yẹn.